Àlejò Mọ́kànlá, Ohùn Kan

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a ti sin Ayọ̀ladé kí ó tó fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìlá pé òun ti jẹun, òun sì ti yó.

Èmi kì í bẹ̀rù òkú. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ n'Ìbàdàn kí n tó kó wá sí Texas, òkú tí mo bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ náà kò sì níye. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kí mi rí. Nítorí náà, nígbà tí Oyèrónkẹ́ wọlé tọ̀ mí wá ní Garland lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí gèlè ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lórí rẹ̀, tí ó ní, "Sájẹ́ńtì, ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ o," ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fà á jókòó, mo sì bu omi fún un. Mo rò pé ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú ni.

Oyèrónkẹ́ ni ìyá Ayọ̀ladé. Nọ́ọ̀sì ni, ó ń gbé ní Rowlett, nítòsí adágún ńlá ibẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un ni ọmọkùnrin náà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, olórin rap. Ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú òjò lórí afárá adágún, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹjọ́ nínú ìyẹn, òjò ni. Ohun tó sọnù lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹjọ́ wà nínú rẹ̀.

Ọdún méjì gbáko ni ọmọ náà fi ṣe àkójọ orin kan, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní mixtape. Tirẹ̀ nìkan ni, orúkọ rẹ̀ nìkan ni yóò wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pe olórin mọ́kànlá pé kí wọ́n wá bá òun dá sí i. Ọ̀sẹ̀ tó kú gan-an ló parí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà nínú dráífù dúdú kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kò sì ní ẹ̀dà níbòmíràn, nítorí Ayọ̀ladé kì í fi iṣẹ́ tí kò tíì jáde sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ ìsìnkú ni dráífù yìí pòórá nínú yàrá rẹ̀. Ọlọ́pàá tí Oyèrónkẹ́ pè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kí i kú ara fẹ́ra kù. Ohun tí obìnrin náà ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ó gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ fi ọdún méjì ṣe. Kò gbọ́ ọ rí. Ọmọ náà ní ó dìgbà tó bá parí.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" ni mo bi í.

"Ayọ̀ladé. Màmá Ìlá ló sọ fún mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mi ò fi pè wọ́n, Sájẹ́ńtì, mi ò mọ irọ́ tí mo fẹ́ pa. Ẹ mọ̀ pé a ò tíì túfọ̀ fún wọn. Mo wá mú ọkàn le lónìí, mo pè wọ́n. Wọ́n ní, 'Ìyàwó mi, ọkọ mi ń kí mi dáadáa o. Ó ní òun máa wá kí mi kí oṣù yìí tó parí.'"

Mo gbé ife omi náà, mo mu ún fúnra mi.

Ìyá àgbà yìí ló tọ́ Ayọ̀ladé títí ó fi di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún báyìí, gbogbo ẹbí sì ti pinnu pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ṣé o rí i, àwa Yorùbá lè fi òkú pamọ́ fún àgbàlagbà ju bí àwọn mìíràn ṣe ń fi wúrà pamọ́ lọ. A óò ní ó rìnrìn àjò. A óò ní fóònù rẹ̀ bọ́ sómi. Ní ti Màmá Ìlá, wọ́n ní ọmọ náà ń ṣe ìdánwò.

"Nísinsìnyí wọ́n ti ń kun yàrá," ni Oyèrónkẹ́ wí. "Wọ́n ti ra bẹ́ẹ̀dì tuntun. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí oṣù parí."

Màmá ti ta àtagbà àwọn ohùn náà sí i. Ẹni tó ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí ogójì èèyàn kí ilẹ̀ tó mọ́ kò lè ṣàì mọ bí a ti ń ṣe é. Márùn-ún ni wọ́n, kò sí èyí tó gùn. "Ẹ káàsán mà. Ṣé ara le?" "Mo ti jẹun mà, mo yó." "Ẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín mà," pẹ̀lú ẹ̀rín lóòótọ́. "Ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni, I'm good. Ẹ má worry." Èyí tó kẹ́yìn ni: "Mo máa wá kí yín kí oṣù yìí tó parí, I promise." Nọ́ńbà tí wọ́n ti wá jẹ́ nọ́ńbà tuntun kan. Mo pè é, kò sẹ́ni tó gbé e.

"AI ni, àbí?" ni Oyèrónkẹ́ bèèrè. "Wọ́n ti ń fi AI ṣe ohùn èèyàn. Wọ́n fẹ́ fi gba nǹkan lọ́wọ́ Màmá ni."

"Ṣé wọ́n ti tọrọ nǹkan?"

"Wọn ò tíì tọrọ."

Mo ki ohun ìgbọ́rọ̀ sí etí, mo tún gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú ìkejì àti ìkarùn-ún, lẹ́yìn ohùn ọmọ náà, nǹkan kan dún: píì. Mo rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run má bínú. Mo mọ ohun náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń kàn mọ́ àjà gbogbo ilé ní ìlú yìí ni, èyí tó ń ké bí èéfín bá pọ̀. Bí bátìrì rẹ̀ bá ti ń kú, á máa dún píì ní gbogbo ìṣẹ́jú. Òyìnbó á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwa á máa bá a gbé. Tèmi dún fún oṣù mẹ́ta.

"Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló sín in jẹ," ni mo wí. "Kọ̀ǹpútà ò ní rántí fi bátìrì tó ń kú sí i. Ohùn ọmọ rẹ gan-an ni. Inú ilé ẹnì kan ló ti sọ̀rọ̀ yìí nígbà tó ń gba orin sílẹ̀, ẹnì kan ló sì ń gé e jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń kí Màmá, òun ni dráífù wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo wo àkókò tí wọ́n dé. Ọjọ́ iṣẹ́ ni gbogbo wọn, agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní Ìlá. Méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán ni ìyẹn lọ́dọ̀ wa.

"Ẹni tí wọ́n ń dá àkókò oúnjẹ fún níbi iṣẹ́ ni," ni mo wí.

Oyèrónkẹ́ dìde dúró. "Jibril! Warehouse ló ti ń ṣiṣẹ́, ní Grand Prairie. Twelve-thirty ni break ẹ̀!"

*

Jibril ló ń lu ohun èlò sí orin Ayọ̀ladé. Inú garage ilé wọn ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n fi fóòmù bo gbogbo ògiri. Nígbà tí mo débẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun nìkan ló jókòó síwájú ẹ̀rọ tí kò tàn.

Èmi kì í fi ọ̀rọ̀ yípo. "Dráífù dà?"

"Aunty, wallahi, kò sí lọ́wọ́ mi."

Mo fi ohun tó kọ sí fóònù Ayọ̀ladé hàn án, èyí tí Oyèrónkẹ́ ti rí nínú kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀: bí o kò bá gé wọn kúrò, èmi á gé wọn fúnra mi.

"Ìwọ kọ́ lo kọ èyí?"

"Èmi ni." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Eleven features, Aunty! Lórí solo tape! Ta ló ń ṣe irú ẹ̀? Mo ní kó yọ mẹ́fà. Mo ní, bro, àwọn èèyàn ò ní gbọ́ ẹ, àlejò ni wọ́n máa gbọ́. Ó kàn ń fi mí rẹ́rìn-ín ni. Mo bá bínú, mo kọ ìyẹn. That's the last thing I ever said to him. Ẹ wò ó dáadáa. Kò dáhùn. He never answered me."

Ó wá bú sẹ́kún. Ẹkún olè kò ṣàjèjì sí mi, ẹkún ẹni tó pàdánù náà kò sì ṣàjèjì. Olè a máa sunkún kí ó sì máa yọjú wò ọ́ láàárín ìka bóyá ó ti ń wọ̀ ọ́ lára. Jibril kò rántí pé mo wà ńbẹ̀ mọ́.

Síbẹ̀ mo bi í pé, "Níbo lo wà lọ́jọ́ Jímọ̀, lágogo méjìlá ààbọ̀?"

"Break. Gbogbo floor wa ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, six hundred people. Èmi, Daddy Ladé, gbogbo wa. Àwọn ló bá mi wáṣẹ́ níbẹ̀."

Mo gbọ́ ọ, mo jẹ́ kó kọjá. Ojú ọmọ tó wà níwájú mi ni mo ń wò, mo ti fẹ́ kó jẹ́ òun. Àṣìṣe tí mo máa ń bá àwọn ọlọ́pàá kékeré wí nìyẹn n'Ìbàdàn, èmi náà wá ṣe é pẹ̀lú irun funfun lórí.

Mo jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn náà. Ó di tábìlì mú títí tó fi parí.

"Kì í ṣe ibí," ni ó wí. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún, ilé tí ò ní fóòmù ni. Nine of them recorded here. Ọ̀kan fi tiẹ̀ ránṣẹ́ láti Houston. Ẹnì kan ṣoṣo ni Ladé gbé máìkì lọ bá nílé. Alhaja."

*

Alhaja Rùqáyyàh ti kọ wákà rí n'Ìbàdàn, kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó dáyé. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin báyìí, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n ń gbé ní Arlington. Wọ́n ní kí n jókòó. Kí n tó fìdí kan àga, nǹkan dún lókè orí mi: píì.

Mo gbójú sókè.

"Ọmọ mi ní òun máa pààrọ̀ ẹ̀," ni Alhaja wí. "Ó ti tó ọdún kan. Má dá a lóhùn."

Mo kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, mo wá fi ohùn kìíní sí i. Ojú wọn tàn. Ní ìkejì, wọ́n gbá itan mi. "Èmi nìyẹn! Èmi ló ń dá lóhùn! Ìrẹsì ni mo bù fún un lẹ́yìn tí a kọrin tán, mo ní ó rù jù, ó ní òun ti jẹun. Ó ti jẹun níbo? Ó jẹ ẹ́ nígbà tó yá."

"Èyí ńkọ́, mà?" Mo fi ìkarùn-ún sí i, èyí tó ṣèlérí.

Wọ́n fetí sí i, ẹ̀rín ojú wọn sì ń lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ìgbà tó ń lọ ni. Mo ní, tí ẹ bá ti gba ohun tí ẹ fẹ́ lẹ́nu arúgbó, ẹ kì í padà wá. Ó ní òun máa wá. Ó sì wá, ìwọ obìnrin yìí. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà ló wá, ó ra máńgòrò dání, ó jókòó síbi tí o wà yìí. Ìlérí yẹn, ó ti mú un ṣẹ." Wọ́n wò mí. "Ta ló tún ń fi ṣe ìlérí fún ẹlòmíràn?"

Mo tọrọ ààyè, mo lọ jókòó sínú ọkọ̀ mi.

Láti Arlington dé Rowlett, ọ̀nà jìn, ọ̀rọ̀ náà sì ń yí lórí mi. Ẹni tó bá jí orin, orin ló máa tà tàbí kí ó tú u jáde. Ẹni yìí kò tíì tú ẹyọ kan jáde. Ọ̀rọ̀ ọdún méjì ló wà níwájú rẹ̀, gbogbo òkìkí àti àwàdà àwọn ọmọ náà, ó sì fò wọ́n dá, ó lọ ṣa ìkíni tí ọmọ náà kí arúgbó kan. Kò tọrọ nǹkan kan. Ó mọ Màmá, ó mọ ohun tí Màmá fẹ́ gbọ́. Olè wo nìyẹn?

*

Oyèrónkẹ́ ṣílẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n kò wọlé. Láti ọjọ́ ìsìnkú kò tíì wọ ibẹ̀ ju ìgbà méjì lọ, ó wá dráífù, ó jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí omi wà níwájú rẹ̀.

Máìkì olówó ńlá wà lórí tábìlì. Kọ̀ǹpútà wà ńbẹ̀.

"Yàtọ̀ sí dráífù, kí ló tún sọnù?"

"Kò sí, Sájẹ́ńtì."

Mo wò yíká. Wọ́n ti ká gbogbo aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí aṣọ kankan lórí ìkọ́. Kò sí bàtà, kò sí sálúbàtà, kò sí táwẹ̀lì. Mo yọjú sí ilé ìwẹ̀. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín.

"Oyèrónkẹ́, kò sí nǹkan kan nínú yàrá yìí."

"Ṣé àwọn nǹkan yẹn? Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ló kó wọn. Ẹ mọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe é."

Mo mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀dọ́ bá kú, a kì í jẹ́ kí ojú ìyá rẹ̀ bà lé sálúbàtà tí ó bọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan á yára kó o kúrò, kò sì sí ẹni tí yóò bèèrè ibi tí ó kó o sí. Mo pe Miriam, olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

"Sájẹ́ńtì, a mú àpò mẹ́ta lọ lóòótọ́," ni Miriam wí. "Nígbà tí a dé yàrá, ó ti ṣófo. A rò pé àwọn family ti kó o ni."

"Ẹ ò bèèrè?"

"Lọ́wọ́ ta ni? Ta ló ń bèèrè irú ìyẹn lọ́wọ́ ìyá ọmọ?"

Ẹ wá wò ó. Ìyá ọmọ rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, ṣọ́ọ̀ṣì rò pé ẹbí ni. Ọ̀wọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni la ẹnu bèèrè, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwa nìkan la lè ṣe irú àṣìṣe yìí.

"Ẹni tó kó búrọ́ọ̀ṣì ló kó dráífù," ni mo wí fún Oyèrónkẹ́. "Kò jalè. Ó wá palẹ̀ ọmọ mọ́ ni, kí ojú rẹ má baà rí i. Ìgbà tí gbogbo wa wà ní sàréè ló wá. Ta ni kò sí ní sàréè?"

"Èmi. Mo dùbúlẹ̀ ní parlour."

"Nítorí òbí kì í sin ọmọ. Òbí mélòó ni ọmọ náà ní?"

Ó yẹra fún ojú mi. "Babáwálé ò wá. Kò tilẹ̀ wá, Sájẹ́ńtì. Ọjọ́ tí wọ́n sin ọmọ ẹ̀."

"Nọ́ńbà wo lẹ fi ń ṣí garage ilé yìí?"

"Birthday Ayọ̀ladé."

"Ta ló mọ̀ ọ́n?"

Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún mẹ́jọ ni òun àti Babáwálé ti kọ ara wọn sílẹ̀. Ìjà wọn le débi pé níbi tí ọmọ ti gboyè jáde, igun ọ̀tún ni ọ̀kan jókòó sí, èkejì wà ní igun òsì, ọmọ wá ń sáré láàárín wọn láti ya fọ́tò. Ìyá Babáwálé sì ni Màmá Ìlá. Àná ni Jibril fi ọkùnrin náà, "Daddy Ladé" tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, lé mi lọ́wọ́, n kò gbà á.

*

Ní ọjọ́ kejì, lágogo méjìlá ààbọ̀, mo wà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí warehouse ní Grand Prairie. Àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde wìtìwìtì nínú oòrùn. Babáwálé dá jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà wà lórí itan rẹ̀, ohun ìgbọ́rọ̀ wà létí rẹ̀. Kò tíì ṣí abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Mo kan gíláàsì. Ó wò mí, ó yọ ohun ìgbọ́rọ̀ náà, ó ṣílẹ̀kùn fún mi.

Bí bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà bá lè wọ inú ọkọ̀ ni, ì bá wà ńbẹ̀. Gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ kún fún aṣọ rẹ̀, sálúbàtà wà lókè.

"Mo fẹ́ lọ kó o dànù ni, Sájẹ́ńtì," ni ó wí kí n tó sọ nǹkan kan. "Bó ṣe yẹ. Mo dé ibi ìdalẹ̀nù nígbà mẹ́ta. Mi ò lè ṣe é."

"Dráífù ńkọ́?"

"Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Mo kàn tì í bọ inú kọ̀ǹpútà kí n lè mọ̀. Ohùn ẹ̀ bá jáde." Ó fọwọ́ lé orí kọ̀ǹpútà. "Ọmọ yẹn ò bá mi sọ Yorùbá láti ìgbà tó dé America. Hi Dad. I'm fine, Dad. Okay Dad. Mo rò pé ó ti gbàgbé ẹ̀ ni. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ló fi bá ìyá kan ṣeré níbí yìí, ó ń dá àpárá, ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ó mọ̀rọ̀ sọ tó bẹ́ẹ̀. Èmi baba ẹ̀."

Mo wo sálúbàtà tó wà lẹ́yìn.

"Ó pe èmi náà sí i. Ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀, two minutes, bí mo ṣe dé America. Mo ní mo ní overtime." Ó wojú mi bí ẹni tó fẹ́ kí n gbà á gbọ́. "Mo ní overtime lóòótọ́, Sájẹ́ńtì."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń fi í ránṣẹ́ sí Màmá?"

"Màmá mi ní ọmọ náà ń bínú sí àwọn ni, kò pè mọ́. Wọn ò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ó ní wọ́n ń kú lọ. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́. Wọ́n jẹun."

"Ẹ wá tún fi òmíràn ránṣẹ́."

"Wọ́n ní kó tún sọ̀rọ̀ ni."

"Ìlérí yẹn ńkọ́? Màmá ti kun yàrá!"

Ó gbé orí lé ìdarí ọkọ̀. "Òun ló kù. Gbogbo èyí tó ṣe é lò ni mo ti lò. Àwọn tó kù, English ni, tàbí orin. Mo ti wá a títí. Ìdí tí mo ṣe jókòó síbí nìyí, mo tún ń wá a ni."

Ọ̀rọ̀ líle tí mo ti tò sílẹ̀ fún un láti Garland tán lẹ́nu mi. Ó dùn mí wọra. Mo ní kí ó bọ́ sínú ọkọ̀ mi.

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ dúró lónìí."

*

Nígbà tí a dé Rowlett, Oyèrónkẹ́ kò pariwo. Mo ti múra láti dá sí ìjà, àmọ́ ó kàn wo dráífù náà lórí tábìlì, ó wo ọkùnrin náà, ó ní, "Ẹ ò bá ti sọ fún mi. Èmi náà ò gbọ́ ohùn ẹ̀." Babáwálé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí àga, nítorí pé ibẹ̀ ló ṣófo.

A ń ro bí a ó ṣe túfọ̀. A kì í fi fóònù tú irú rẹ̀. Babáwálé ní òun á pe ẹ̀gbọ́n òun, kí ó mú àgbà méjì dání lọ bá Màmá láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí fóònù Oyèrónkẹ́ fi dún. Ó ti mọ́ ọn lára kí ó máa gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ gbé e kí orí rẹ̀ tó rò ó.

Màmá ni, wọ́n ń yọjú nínú fóònù. "Ìyàwó mi, wá wo yàrá! Ọ̀dà ẹ̀ ti gbẹ. Wò ó, bùlúù ni, ó fẹ́ràn bùlúù láti..."

Wọ́n sún mọ́ fóònù.

"Babáwálé?"

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá."

"Kí lo ń ṣe ńbẹ̀?"

"Mo kàn yà ni, mà."

"Lọ́jọ́ iṣẹ́?" Wọ́n wo ọ̀kan, wọ́n wo èkejì. Mo rí i tí ojú arúgbó náà ń ṣiṣẹ́, mo sì mọ̀ pé ó ti tán. "Ọdún mẹ́jọ ni mo fi bẹ ẹ̀yin méjèèjì pé kí ẹ jókòó sójú kan. Ẹ ò gbọ́ tèmi. Kí ló kó yín jókòó lónìí?"

Oyèrónkẹ́ wo Babáwálé, Babáwálé wo ilẹ̀.

"Ohun kan ṣoṣo lẹ jọ ní," ni Màmá wí. "Níbo ló wà?"

Ilé mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta ni èmi Mojíbọ́lá fi tú àdììtú yìí. Màmá kò lò tó ìṣẹ́jú kan, níbi tí wọ́n jókòó sí lórí bẹ́ẹ̀dì tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sùn sí.

"Ìgbà wo?" ni wọ́n bèèrè.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mà," ni Oyèrónkẹ́ wí.

"Ta ló wá ń kí mi?"

Babáwálé ti wà nílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ohùn ẹ̀ ni, Màmá. Èmi ni mo ń fi í ránṣẹ́. Ẹ dárí jì mí."

Fóònù náà yí, àjà ilé nìkan ni a rí. A gbọ́ ẹkún wọn. Ó pẹ́. Oyèrónkẹ́ gbé fóònù náà mọ́ àyà, ó ń mì ín bí a ti ń mi ọmọ ọwọ́. Nígbà tó yá, Màmá tún gbé fóònù náà sókè.

"Ohùn ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó wà, mà."

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Má gé e."

Èmi ni mo ki dráífù bọ kọ̀ǹpútà. Mo ṣí orin kìíní. Ìlù Jibril bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin kan sì gbé orin. Oyèrónkẹ́ dì mọ́ apá àga.

"Ṣé òun nìyẹn?" ni Màmá bèèrè láti Ìlá.

"Rárá, mà. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni."

Ọmọkùnrin kan fi Gẹ̀ẹ́sì rọ̀jò ọ̀rọ̀.

"Òun nìyẹn?"

"Rárá, mà. Ẹlòmíràn ni."

Alhaja wọ inú orin, ohùn wọn gba gbogbo yàrá.

"Àwọn àlejò yìí pọ̀ o," ni Màmá wí.

Ìlù náà wá rọlẹ̀. Ẹnì kan mí sínú máìkì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kíákíá, tẹ̀ríntẹ̀rín, Oyèrónkẹ́ sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Màmá kò bèèrè mọ́.

"Káàbọ̀, ọkọ mi," ni wọ́n wí. "Káàbọ̀. O pẹ́ kí o tó dé."

Oyèrónkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó jókòó ti Babáwálé nílẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ó fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí orin náà fi parí.